Mègádì Tó Wà Lójú-Ìwé Ogún

"Ẹ̀gbọ́n, ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, n óò pè yín. Ẹ ti wá ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu kí ọjọ́ náà tó pé o."

Ọ̀rọ̀ tí Nùréènì àbúrò mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún 1995, nílé bàbá wa ní Ọ̀rílé Agége. Mo dá a lóhùn láti ibi ìdáná pé mo ti gbọ́, pé kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. N ò jáde sí i. A kì í sin arìnrìn-àjò dé ẹnu ọ̀nà nílé tiwa, kí ará àdúgbò má baà mọ̀ pé ẹnì kan ń lọ síbì kan. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí kọnkéré, mo gbọ́ tó ń kí ẹnì kan lóde, ohùn ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló fi kí i. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin kọjá, ariwo rẹ̀ sì gbé ohùn náà mì.

Kí n tó sọ ibi tó ń lọ, ó yẹ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ sí oko ẹ̀fọ́ lápá Abúlé Ẹ̀gbá, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Kò tíì mọ̀rọ̀ sọ dáadáa tó ti ń fi èédú ya nǹkan sára ògiri. Nílé kéú, orí wàláà tó yẹ kó kọ ááyà sí ló ya ewúrẹ́ sí. Ààfáà nà án. Nígbà tó wá wo ewúrẹ́ náà dáadáa, ó rí i pé irùngbọ̀n òun ló wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ló bá ní kó tètè fọ̀ ọ́ nù kí ìyàwó òun tó dé.

Ó kàwé dé mọ́dà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́yìn Ọbá Àkràn ní Ìkẹjà, ọdún méjìdínlógún ló sì lò níbẹ̀. Tábìlì onígíláàsì kan ló máa ń jókòó tì, iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, wọn a tẹ́ fíìmù dúdú sórí gíláàsì náà. Bí ihò tíńtín kan bá wà lára fíìmù, ìmọ́lẹ̀ a gba ibẹ̀ yọ, àbàwọ́n a sì jáde lára ìwé tí wọ́n bá tẹ̀. Iṣẹ́ Nùréènì ni kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú kun ọ̀dà pupa sí àwọn ihò náà, kí wọ́n dí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń sanwó fún mi kí ìmọ́lẹ̀ má baà ríbi wọlé." A jọ rẹ́rìn-ín. N kì í rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ká aṣọ ní ilé ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà, kí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ṣọ́jà fi fún ìlú ní ìgbànú, tó dé. Òwú ò wọlé mọ́, àwọn ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí oorun ń kùn, títí wọ́n fi tò wá sí àgbàlá lọ́jọ́ kan tí wọ́n ka orúkọ wa. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra àjákù aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù, mo ń dì í ní ìdì-ìdì fún àwọn mẹkáníìkì àti àwọn onítẹ̀wé tó ń fi í nu íńkì. Bí mo ṣe di ẹni mímọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé àwọn Nùréènì nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gbé àkísà lọ fún wọn.

Nùréènì ò fẹ́yàwó. Àwọn ènìyàn ní páálí ni ìyàwó rẹ̀, wọn ò sì parọ́ púpọ̀. Gbogbo páálí funfun tí ẹ̀rọ bá gé dànù níbi iṣẹ́ ló ń kó wálé, ó ń ya ìtàn sí i. Irú ìtàn aláwòrán tí wọ́n máa ń pín ojú-ìwé rẹ̀ sí yàrá-yàrá, tí ènìyàn á ṣe nǹkan nínú yàrá kan, á bọ́ sí èkejì. Ẹ̀gbẹ́ orí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ya òbìrí kan sí, inú òbìrí náà ni ọ̀rọ̀ ń wà. Bàlúùnù ni òun ń pè é. Èmi ń pè é ní ẹnu.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé á ya gbogbo rẹ̀ tán, á fi àwọn ẹnu náà sílẹ̀ lófìfo. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, á fi pẹ́ẹ̀gì há wọn sórí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé, á pè mí, á ní, "Kí lẹni yìí ń wí?" Èmi á wo ojú ẹni náà, màá wo ọwọ́ rẹ̀ àti bó ṣe fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, màá sọ ohun tó ń wí. Òun á kọ ọ́. Ó ní òun mọ ojú ènìyàn, òun ò mọ ẹnu wọn. Òótọ́ sì ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún un, gbogbo ènìyàn inú ìwé rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ bíi tíṣà.

Nígbà míì a máa ń jà sí i. Á ní ọ̀rọ̀ mi gùn jù, ẹnu ò gbà á. Màá ní kó ya ẹnu tó tóbi. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni yìí ń sá lọ ni. Ṣé ẹni tó ń sá lọ máa ń pòwe?"

Màá ní, "Ní Agége, ó máa ń pa á."

Ìtàn tó mú wa dé ibi tí a dé ni ti mègádì. Wọ́n rán Nùréènì lọ sí GRA Ìkẹjà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún oníbàárà kan, ló bá rí mègádì kan tó fò dìde kí mọ́tò tí kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi í pé ta ló ń gbé inú ilé náà. Mègádì ní òun ò tíì fojú kàn án láti ọdún mẹ́ta tí òun ti ń ṣọ́ ọ. Nùréènì délé, kò jẹun, páálí ló fà yọ. Nínú ìtàn tiẹ̀, ilé ńlá kan wà, mègádì kan ń ṣọ́ ọ. Àwọn ènìyàn ń wá sí ẹnu géètì, wọ́n ń ro ẹjọ́ ìyà tó ń jẹ wọ́n: kò sí epo, iṣẹ́ ti bọ́, ọmọ wà ní ọsibítù kò sí oògùn. Wọ́n ń mú adìyẹ dání, wọ́n ń mú iṣu dání. Láti ojú-ìwé kìíní títí dé ìkọkàndínlógún, ohun kan náà ni mègádì ń wí fún gbogbo wọn: "Ọ̀gá ń sùn. Ẹ má pariwo." Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu.

Ní ojú-ìwé ogún, géètì ṣí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Koríko ti hù nínú pálọ̀, igi ńlá kan ti gba orí òrùlé yọ. Mègádì dúró láàárín géètì, ó kọjú sí àwọn ènìyàn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu mẹ́ta ni Nùréènì yà fún un níbẹ̀: ńlá, kékeré, ńlá. Mo wò ó lórí okùn láti ọjọ́ Àìkú kan dé èkejì, n ò rí ohun tó ń wí.

Láàárín ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ wọn ti ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní tó bá yá, kò ní í sí fíìmù mọ́, kò ní í sí tábìlì oníná, ẹni tó ń dí ihò lè máa wá ibòmíràn lọ. Joseph ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í sábà wọ bàtà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò lè ṣe wákàtí kan kó má dápàárá. Ó ń pe Nùréènì ní Àlájì Ọlọ́dà. Nùréènì ń pe òun ní Wòlíì Aláìníbàtà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni Joseph ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ náà kun àwòrán, bí wọ́n ṣe ń mú kó rìn, kò sì pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ju olùkọ́ lọ. Mo bá wọn níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Mègádì wa ń rìn nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ́wọ́ sókè, ó ń kí mọ́tò. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Joseph dá mi lóhùn pé, "Ìyá Màríàm, kò lè jáde wá bá yín." Kì í ṣe ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mọ́tò tó ń kí ni mo ń wò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ó sì ń lọ.

Joseph náà ló rí ìkéde àjọ̀dún kan nínú ìwé òyìnbó tí oníbàárà gbàgbé sílẹ̀. Ìlú kan ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n máa ń pe àwọn ayàwòrán láti gbogbo àgbáyé jọ, wọ́n á fi ẹ̀bùn dá wọn lọ́lá, ìsọ̀rí kan fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, òmíràn fún àwọn tó ń mú àwòrán rìn, òmíràn fún àwọn tó ń ya ìwé ìtàn. Wọ́n fi ojú-ìwé mọ́kàndínlógún ránṣẹ́. Nínú oṣù kẹjọ, èsì dé. Wọ́n ní nínú iṣẹ́ tó lé ní irínwó, márùn-ún làwọn mú, mègádì wa sì wà nínú márùn-ún náà. Wọ́n ní kí Nùréènì wá, àwọn á san owó bàálù rẹ̀, kó mú ojú-ìwé ogún dání ní píparí, torí wọ́n máa gbé odindi ìtàn náà sára ògiri ńlá ní ọjọ́ Sátidé kí wọ́n tó pe ẹni tó borí.

Inú wa dùn títí ọwọ́ mi fi kan àpò lẹ́tà náà. Ẹnì kan ti ṣí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ padà ṣì tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin méjì wá sí ilé ìtẹ̀wé náà. Láwọn ọdún ṣọ́jà yẹn, irú wọn máa ń wá wò ó bóyá ẹnì kan ń tẹ ìwé ìròyìn tí ìjọba ti fòfin dè, nítorí náà kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ò béèrè ìwé ìròyìn. Wọ́n lọ dúró níwájú àwòrán mègádì tí Nùréènì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ọ̀gá wo ló ń sùn. Joseph ní àwàdà ni, sà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó fi èékánná ṣí àwòrán náà kúrò lára ògiri ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà ya, ó ká a, ó fi sápò. Joseph sọ fún wa pé ká ní ó fà á ya ni, ọkàn òun ì bá balẹ̀.

Mo sọ fún Nùréènì pé kó má lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí n ò bá lọ, kí ni mo fẹ́ máa dí? Ihò ti tán." Lóòótọ́, wọ́n ti gbé tábìlì oníná rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, òjò ń pa á.

Nílé tiwa, a kì í sọ ìrìn-àjò fún ayé. Lọ́dún 1974, bàbá wa fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ó pa àgbò, ó pe àwọn ààfáà, gbogbo Ọ̀rílé ló mọ ọjọ́ tó máa gbéra. Ó ku ọjọ́ méjì ló ṣubú ní balùwẹ̀, kò dìde mọ́. Nígbà tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán, ìyá wa pè wá jókòó, ó ní ẹni tó bá tún sọ ìrìn-àjò jáde nínú ilé yìí, òun ò ní í fi orí jì í. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ sí Kánò á ní Ṣàgámù ni òun ń lọ. Ẹni tó bá ń lọ sí Ṣàgámù á ní orí ń fọ́ òun. Ọmọ ìyá wa kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà tí fọ́tò rẹ̀ dé ni a tó mọ̀ pé kò sí nínú yàrá rẹ̀.

Nítorí náà, a ṣètò ti Nùréènì dáadáa. Ní ibi iṣẹ́, Joseph nìkan ló mọ̀. Ó sọ fún àwọn tó kù pé ibà ló ń ṣe Nùréènì. Ní àdúgbò, èmi á sọ pé ó lọ gba àgbo ní Ìlaròó. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó wọ kóòtù tuntun tí a rán, ó wá wọ ofaróòlù iṣẹ́ rẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Àpò àkísà mi ló kó ẹrù rẹ̀ sí. Pápákọ̀ òfúrufú ò jìnnà, ẹ̀yìnkùlé wa la ti ń wo ikùn bàálù. Ó mú ojú-ìwé ogún lọ, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ kan sílẹ̀ kí n máa wò ó. Tó bá débẹ̀, á pe fóònù ilé ìtẹ̀wé ní Ọjọ́bọ̀ tí mo bá gbé àkísà lọ. Èmi á sọ ohun tí mègádì ń wí, òun á kọ ọ́ kí Sátidé tó pé.

Ní Ọjọ́rú, níbi tí mo ti ń di àkísà, ọ̀rọ̀ náà dé. Mo rí i pé irú ẹni tó ti ń purọ́ láti ojú-ìwé kìíní, bí ilé bá tilẹ̀ ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò ó, irọ́ náà ló ṣì máa pa. Nínú ẹnu ńlá àkọ́kọ́: "Ọ̀gá ti jí." Nínú kékeré: "Ó jáde." Nínú ńlá ìkẹyìn: "Àná gan-an ni mo bá a sọ̀rọ̀." Mo rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Mo mọ̀ pé bí Nùréènì bá gbọ́ ọ, á gbé orí sẹ́yìn, á fọwọ́ lu itan. Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń tún un wí lẹ́nu jẹ́jẹ́ láti ilé dé Ìkẹjà kó má baà bọ́.

Agogo mẹ́rin lù. Èmi àti Joseph jókòó ti fóònù náà. Ó lù lẹ́ẹ̀mejì, àwọn oníbàárà ni. Agogo márùn-ún, agogo mẹ́fà. Joseph ní wáyà ló burú, pé òkè òkun kì í ṣe Muṣin. Mo padà lọ́jọ́ Ẹtì, bákan náà ló rí. Joseph ní bóyá Nùréènì ti fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sí i. Mo ní á ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tíṣà nìyẹn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ò wo ojú ara wa.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun àsárì, ọkùnrin kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo ti di àkísà sílẹ̀, mo jókòó lé e. N ò mọ̀ ọ́n rí. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wo apá òsì, kó tó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó béèrè bóyá ibí ni ilé Nùréènì. Mo bi í pé ta ní ń béèrè. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Èmi tí mo mọ gbogbo ọ̀rẹ́ Nùréènì, wọn ò pé márùn-ún. Ọkàn mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin méjì tó ká àwòrán sápò. Mo sọ fún un pé Nùréènì wà ní Ìlaròó, ara rẹ̀ ò yá.

Ó dúró. Ó ń fi ọwọ́ pa etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ láìpẹ́ yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi láti Ọjọ́rú, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde. Mo ní, "Àná gan-an ni mo bá a sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àlùhámúdù lílàhì. Á jẹ́ pé kì í ṣe òun." Ó tọrọ gáfárà, ó sọdá ojú irin, ó lọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Inú mi dùn sí ara mi. Mo pe ara mi lórúkọ, mo ní, Kúbúrá, ìwọ náà lè ṣọ́ géètì.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn ni Joseph wá sílé mi fúnra rẹ̀, ó wọ bàtà, kò dápàárá kankan. Ìwé ti wọlé láti Bẹ́ljíọ́ọ̀mù sínú ẹ̀rọ fáàsì. Ìdúró ló fi kà á fún mi. Nùréènì ló borí nínú ìsọ̀rí ìwé ìtàn. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ní ó dun àwọn pé kò wá. Wọ́n ní àwọn tó ni bàálù sọ pé kò wọlé, àga rẹ̀ ṣófo láti Èkó dé ọ̀hún. Wọ́n ń béèrè bóyá ara rẹ̀ le.

Mo jókòó sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi létí ni: á jẹ́ pé kì í ṣe òun.

N ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ kakí tó nípọn, wọ́n fi òwú àwọ̀ ewé rán etí rẹ̀. Ilé ìhunṣọ wa ló ń hun irú rẹ̀ nígbà náà, ilé iṣẹ́ oníbísíkíìtì kan ní Ìlúpéjú ló sì ń rà á fún àwọn awakọ̀ wọn. Mo lọ dúró sẹ́nu géètì wọn nígbà tí iṣẹ́ ń parí. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i. Ràsákì ni orúkọ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó ti mọ̀.

Ó ní òun bá ṣọ́jà kan ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ìlà epo ní Ọjọ́ Ajé yẹn, wọ́n sì gbé òun lọ síbì kan tí òun ò lè júwe, ọjọ́ mẹ́jọ ni òun lò níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ti ọkùnrin kan wọlé tó wọ kóòtù sábẹ́ ofaróòlù. Gbogbo wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú iṣẹ́ wo lò ń lọ. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un lójú ọ̀nà pápákọ̀, wọ́n ní kó wá sọ ọ̀gá tó ń sùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tú Ràsákì sílẹ̀, Nùréènì júwe ilé wa fún un. Ó ní kó sọ fún mi kí n sọ fún Joseph kó pe àwọn ará Bẹ́ljíọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n béèrè òun lórúkọ, nítorí ẹni tí òyìnbó bá ti ń béèrè, wọn kì í gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tó jìn.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

Ó ní, "Màmá, òun ló ní kí n má sọ ohunkóhun títí á fi dá mi lójú pé ẹ̀yin ni. Wọ́n ń rán ènìyàn wá ṣe amí. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi yín pé níbo ni òun wà. Ó ní ẹ máa parọ́, ẹ máa ní Ìlaròó, pé kí n má tìtorí ìyẹn lọ. Kí n bi yín bóyá ẹ gbọ́ ohùn òun. Pé ibẹ̀ lẹ ò ti ní í lè parọ́." Ó wo ilẹ̀. "Ẹ ní àná. Mo rò pé Nùréènì mìíràn ni tiyín, pé mo ṣi ilé ni."

Joseph fi fáàsì ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará Bẹ́ljíọ́ọ̀mù kọ̀wé, wọ́n pè, wọ́n béèrè rẹ̀ lórúkọ. Èsì tí wọ́n fún wọn ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi àti Joseph lọ láti géètì kan dé èkejì, ní Ìkẹjà àti ní Erékùṣù. Àwọn tó ń ṣọ́ géètì kò bú wa. Wọ́n á ní ọ̀gá ò tíì dé, ọ̀gá wà ní mítìn-ín, ká padà wá. Lójú àwọn ará àdúgbò, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé Nùréènì sọnù, wọ́n ní ṣebí Ìlaròó ló lọ. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tó kúrò nílé. Ẹni tó kí lóde láàárọ̀ yẹn sọ pé òun rí i, pé ibi iṣẹ́ ló ń lọ.

Lọ́dún 1998, nígbà tí olórí ṣọ́jà kú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìlẹ̀kùn, mo dúró pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn, a ń wo ojú àwọn tó ń jáde. Ọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú ni Joseph bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà sì mọ Nùréènì. Ó ní ọkọ̀ ẹrù gbé wọn lọ sí òkè ọya, ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ tí mo bá Ràsákì sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní Nùréènì ń fi èédú ya gbogbo wọn sára ògiri níbẹ̀, ó fi ẹnu gbogbo wọn sílẹ̀ lófìfo, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń kọ ìyẹn. Ikọ́ mú un nígbà ọyẹ́. Wọ́n gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò gbé e padà wọlé. Ọkùnrin náà ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ààfáà wa kírun òkú fún un láìsí òkú nílẹ̀. Joseph náà dúró lẹ́yìn, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Ẹ̀bùn náà wà ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ tẹ ìtàn mègádì ní ìwé. Wọ́n ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Joseph pé kí ẹ̀gbọ́n ayàwòrán sọ ohun tó yẹ kó wà lójú-ìwé ogún. Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n dúró. Ọ̀rọ̀ tí mo ti rí tẹ́lẹ̀, mo ti lò ó, n ò sì rí òmíràn.

Ẹ̀dà tó fi sílẹ̀ fún mi wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé, mo máa ń ká a wọlé tí òjò bá ṣú. Ẹnu mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ńlá, kékeré, ńlá. N ò tíì fi ọ̀rọ̀ kankan sí i.